Ẹ Jẹ́ Kí Oúnjẹ Ọjà Igbó Wọ Bàálù

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ó wọ̀ ọ́. Bí ó ti rí nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lókè òfuurufú. Ìdí nìyí tí ìyá àgbà tí ó ń lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó kì í fi í kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ láìkọ́kọ́ ya Ọjà Igbó. Àádùn, róbó, èlùbọ́ àti irú ni yóò dì sínú ẹrù. Àwọn ọmọ mìíràn a máa fi í rẹ́rìn-ín pé, ṣé kò sí oúnjẹ nínú bàálù ni?

Ìyá náà kò jẹ̀bi. Bí bàálù bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 35,000, atẹ́gùn inú rẹ̀ a máa fúyẹ́ bíi ti orí òkè tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Atẹ́gùn ọ̀hún gbẹ, ó sì ń mú kí imú àti ẹnu gbẹ. Ní ọdún 2010, ìwádìí tí Lufthansa gbé fún àjọ Fraunhofer ní Jámánì fi hàn pé iyọ̀ àti ṣúgà kì í dùn lókè bí ó ti ń dùn nílẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tún rí i pé ariwo bíi ti inú bàálù a máa dín adùn ṣúgà kù, ṣùgbọ́n a máa gbé adùn tí àwọn ará Jàpáàn ń pè ní umami ga. Adùn yìí ni ó wà nínú tòmátò pípọ́n. Òun náà ni irú fi ń sọ ọbẹ̀ di ọbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní òórùn irú yóò dààmú ẹni tí ó jókòó tì wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òórùn kò kọjá ohun tí ìmọ̀ lè yanjú. Nígbà tí Yi So-yeon di ọmọ Kòríà àkọ́kọ́ tí ó lọ sí òkè sánmà ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀ ti pa kòkòrò inú kimchi, ewébẹ̀ kíkan wọn, wọ́n sì ti dín òórùn rẹ̀ kù, kí ó lè bá a lọ.

Yunifásítì LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọdún 1990, ó sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ oúnjẹ. Kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà: bí a ṣe ń sá irú kí ó gbẹ dáadáa, bí a ṣe ń dì í kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́, bí a ṣe ń kọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ sí ara rẹ̀. Kí wọ́n sì la arìnrìn-àjò lọ́yẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹran tàbí wàrà láyè láti Nàìjíríà. Nítorí náà, kí wàrà àti pọ̀nmọ́ dúró sílé, kí ìyá má baà fi omijé kí ọmọ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú.

Nígbà náà ni àwọn iléeṣẹ́ bàálù tí ń gbéra ní Èkó yóò rí ohun gidi rà lọ́wọ́ ọlọ́jà wa. Bí kimchi bá dé òkè sánmà, kí ni yóò dí irú lọ́wọ́ láti dé Lọ́ńdọ̀nù?