Bí Táìlì Bá Ṣí, Ta Ni Kí A Mú?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, bí ẹ bá kan táìlì tí a lẹ̀ ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, tí ó sì dún bí àgbá òfìfo, ẹ mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Agbaṣẹ́ṣe yóò ní ọwọ́ onítáìlì ni kò dára, yóò sì yọ owó táìlì náà nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní Àbújá, ní Kánò, ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ onítáìlì ń san gbèsè tí wọn kò jẹ. Èrò wa ni pé ó tó àkókò kí a kọ̀ ọ́.

Omi àti sìmẹ́ǹtì ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kí kọnkéré tó le. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ kan ni ó yẹ kí a fi máa bu omi rin ín. Ọjọ́ 28 ni àwọn ẹnjiníà sì fi ń wọn agbára rẹ̀. Bí ó ti ń gbẹ ni ó ń súnkì. Bí a bá kánjú lẹ táìlì lé e, kọnkéré yóò súnkì, táìlì kò ní súnkì. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni yóò já.

A kò sọ pé àwa kò ní ẹ̀bi rí. Ẹni tí kò gbá eruku tàbí fọ epo kúrò nílẹ̀, ẹni tí ó to ìṣù sìmẹ́ǹtì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin táìlì dípò kí ó tẹ́ ẹ kárí, ẹni tí kò fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun ni ó ni àṣìṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó da kọnkéré ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, tí ó ní kí táìlì parí kí ọ̀sẹ̀ yìí tó pé, kì í ṣe onítáìlì.

Ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974, ní ẹ̀ka karùn-ún, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bí ó bá fẹ́ yọ owó nítorí òfò, ó ní láti jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó ṣe àìbìkítà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó ọ̀ràn iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ sí i nínú ìwé ṣáájú, iye náà sì gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n.

Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ tẹ́ ọ̀rá sí ilẹ̀ ní alẹ́, kí ẹ sì lẹ etí rẹ̀ pa. Bí omi bá wà lábẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ilẹ̀ náà kò tíì gbẹ. Ẹ kọ ọjọ́ tí a da kọnkéré àti ọjọ́ tí a ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ìwé, kí alábòójútó sì fi ọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, ẹ pe ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì sọ fún aṣojú ẹgbẹ́.

Ẹnì kan lè wí pé, “Bí mo bá kọ̀, yóò pe ẹlòmíràn.” Òótọ́ ni, bí o bá dá kọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ṣùgbọ́n bí gbogbo onítáìlì ojú iṣẹ́ kan, ìbáà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tàbí ọmọ Tógò, bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ta ni yóò pè? Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó kánjú san owó ìkánjú rẹ̀.