Aáyan Ìdì Kì í Ṣe Ìyára

Bí obìnrin kan tí ń dín dòdò ní Ìkirè bá fi fóònù ya fídíò ìkòkò rẹ̀, ògiri ẹ̀yìn kì í yí padà láti àwòrán kan sí èkejì; èéfín àti epo tí ń hó ni kò dúró sójú kan. Ètò tí ń di fídíò náà yóò kọ ògiri sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì máa tọ́ka sí i. Ní ti èéfín, ó ní láti wá inú àwòrán tí ó ti kọjá, bóyá ibì kan jọ èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí ìwákiri yìí bá ti gbòòrò tó ni fídíò yóò ṣe kéré tó, ṣùgbọ́n ìṣírò rẹ̀ á pọ̀.

Nínú x264, ìpele ìwákiri yìí jẹ́ mẹ́wàá, orúkọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìyára pátá. Èyí tí ó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n sọ ní orúkọ oògùn tí kò ní èròjà ìwòsàn, nítorí pé èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí olùtúmọ̀ bá gbé ìyára yẹn wọ inú Yorùbá, àṣìṣe ni. Òǹkàwé yóò rò pé fídíò tí a fi ìlọ́ra dì ni yóò máa fà nígbà tí a bá ń wò ó. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń wò ó ní Apòmù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n lára, àfi pé dátà tí yóò ná dín kù.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wà ní ọjà Apòmù, ọjà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn ṣáájú ogun Òwu. Ẹni tí ń di iṣu sínú ọkọ̀, bí àyè bá gbà á, yóò yí iṣu síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò fi kékeré dí àlàfo. Bí awakọ̀ bá ti ń fọn fèrè, yóò kàn máa jù ú sínú ọkọ̀ ni, ẹrù kan náà yóò sì gba àyè púpọ̀ sí i. Aáyan rẹ̀ ni ó yí padà. Aáyan ìdì, nígbà náà, ni ó yẹ kí ìpele wọ̀nyí máa jẹ́. Agbára ìṣírò ni ohun tí ẹ̀rọ ní láti fi ṣe é. Nígbà ìpè fídíò, tí iṣẹ́ bá wọ fóònù olówó pọ́ọ́kú lọ́rùn, tí ètò sì dín ìwákiri kù fúnra rẹ̀, ìmú aáyan bá agbára mu nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní ẹrù tí a dì kì í dín, bẹ́ẹ̀ fídíò a máa pàdánù díẹ̀. Òtítọ́ ni. Fún ìpàdánù yẹn, fífún, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fún omi ẹ̀gẹ́ kúrò, sàn ju dídì lọ, kí a sì fi í pamọ́ fún un.