Ìbòmú Tó Ń Mú Ooru, Àgbọ̀n Ni Yóò Bò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìlera lọrọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àwọn tó ń já sìmẹ́ńtì àti àwọn tó ń gbálẹ̀ títì fi máa ń fa ìbòmú wálẹ̀ sí àgbọ̀n? Àwọn ọ̀gá wọn a ní olóríkunkun ni wọ́n. Èmi kò gbà. Ní Sókótó tí mo ti dàgbà, ooru oṣù kẹrin a máa kọjá ìwọ̀n 40 ní òṣùwọ̀n Celsius. Ẹni tó ń ru ẹrù nínú irú oòrùn bẹ́ẹ̀, tí èémí gbígbóná tún há mọ́ ọn lẹ́nu, báwo ni yóò ṣe fara dà á?

Ohun tí wọ́n fi ṣe ìbòmú ni ọ̀rọ̀ wà. Òwú a máa fa òógùn mu. Bí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá sì fẹ́ sí i, ara a tutù. Láwàní òwú ni àwọn Tuareg fi ń bo imú àti ẹnu nínú aṣálẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àmọ́ eruku sìmẹ́ńtì tó kúnná lè gba inú òwú kọjá. N95 ló ń dá eruku bẹ́ẹ̀ dúró, ó kéré tán 95 nínú 100, ṣùgbọ́n polypropylene tí wọ́n fi ṣe é kì í fa òógùn mu. A kò sì gbọdọ̀ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀, kí eruku má baà rí àyè wọlé.

Fún iṣẹ́ eléruku, èyí tó ní ìdérí kékeré tí èémí gbígbóná ń gbà jáde sàn jù, bí kò bá ṣe àrùn tó ń ràn ni a ń sá fún. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Stanford, Amẹ́ríkà, fi hàn pé polyethylene tí ihò tíntìntín wà lára rẹ̀ ń jẹ́ kí ooru ara jáde. Ní 2017, wọ́n lò ó fún ìbòmú. Ẹbí kan náà sì ni òun àti ọ̀rá tí a fi ń di omi píọ̀wọ́tà! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ láàrin wa, iṣẹ́ yá.

Ìtura kì í ṣe fàájì. Ara ààbò ni. Kí ọ̀gá tó ra ìbòmú fún òṣìṣẹ́, kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan nínú oòrùn ọ̀sán. Kó fún wọn láyè ìsinmi lábẹ́ ibòji, kó sì pààrọ̀ èyí tí òógùn bá ti rin. Bí eruku bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró tán, ẹ̀wù kò bá Ọmọ́yẹ mọ́.