Òórùn Ọ̀dà Tuntun Kì í Ṣe Oríire



Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi àlùbọ́sà. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ hádíìsì náà: Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà tútù láti sún mọ́ mọ́sálásí, nítorí pé ohun tó ń ni ọmọ èèyàn lára ń ni àwọn màláíkà lára pẹ̀lú. Àlùbọ́sà kì í ṣe háráámù o. Oúnjẹ ni, ó sì wúlò fún ara. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú mọ́sálásí, ti gbogbo wa ni, ẹnì kan kò gbọdọ̀ bà á jẹ́ mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ pé òórùn àlùbọ́sà, tí kì í pa èèyàn, lè dá ẹni dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, kí ni ká wá wí nípa òórùn gúlọ́ọ̀sì, tíínà àti gọ́ọ̀mù tí àwa fúnra wa ń fi owó ra, tí a ń kó wọ ilé Ọlọ́hun, ilé-kéwú àti yàrá ọmọ jòjòló?

Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Ní ọdún kan, ilé-kéwú kan tí mo ti ń kọ́ni kọ́ yàrá ìkàwé tuntun mẹ́ta. A fẹ́ kó parí kí ọjọ́ wòlímọ̀ tó dé, nítorí àlejò. Ọjọ́rú ni wọ́n kun ògiri tán, gúlọ́ọ̀sì láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè máa dán. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ rọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, a kó àwọn ọmọ wọlé. Gbogbo ẹni tó wọlé ló ń fa imú, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ pé, "Ilé tuntun! Ẹ kú oríire." Èmi náà ń dáhùn pé àmín. Kò pé wákàtí kan tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin kan tó ní ikọ́ fée, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní asíma, bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó sáré gun òkè. Ìyá rẹ̀ ló wá gbé e lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ yá, alhamdulillāh. Àmọ́ mi ò tíì gbàgbé ohun tí ìyá náà bi mí, láìbínú rárá: "Àáfà, ṣé ẹ ò gbóòórùn ẹ̀ ni?"

Mo gbọ́ ọ. Oríire ni mo pè é.

Òórùn yẹn kì í ṣe òórùn lásán. Èròjà tí wọ́n fi po gúlọ́ọ̀sì máa ń fò jáde bí ọ̀dà náà ti ń gbẹ, tíínà tí àwọn akunlé ń bù sí i sì ń dá kún un. Inú imú wa ló ń wọ̀ sí. Ó ń ta ojú, ó ń fọ́ orí, ó sì ń jí ikọ́ fée dìde lára ẹni tó bá ní in. Ọ̀dà olómi tí a ń pè ní ìmọ́ọ̀sọ̀n kì í sábà ní tó bẹ́ẹ̀, nítorí omi ni wọ́n fi pò ó. Àwọn akunlé á sọ fún yín pé gúlọ́ọ̀sì ló ṣeé fọ̀, pé ọwọ́ ọmọdé kò ní hàn lára rẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ fi kun ibi tí ọwọ́ ọmọdé dé, kí ẹ fi ìmọ́ọ̀sọ̀n kun ìyókù, kí ẹ sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ títí òórùn á fi lọ pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó sùn síbẹ̀. Bí wòlímọ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ́ kí àlejò bá ògiri tí a kò tíì kùn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Tí ẹ bá sì ń ra ọ̀dà, ẹ wo ara agolo rẹ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní òjé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí wọ́n mọ̀ pé kò léwu. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ilé bàbá yín ṣe, ọ̀dà àtijọ́ tó ń ṣí lára ògiri ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ má ha á ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rẹ ẹ́ ná, kí àwọn ọmọ má sì sí nítòsí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbi sílíìnì, nítorí ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ ilé àti ilé-ìwé tó ti pẹ́ ló ní sílíìnì asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Bó bá wà lódidi, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ewu rẹ̀ kò pọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fọ́ ọ, tàbí tí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ, ni eruku rẹ̀ ń fò. Fọ́nrán wíwẹ́ tí ojú kò lè rí ni, tó bá sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Àìsàn tó ń fà, tí jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, lè tó ogún ọdún sí ogójì kó tó yọjú. Ìdí nìyẹn tí káfíńtà fi lè sọ fún yín pé òun ti ń já a látìgbà èwe òun, kò sì sí ohun tó ṣe òun. Mo ti rí ọmọ kéwú tó mú àfọ́kù rẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀kì, tó fi ń kọ álífù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó sì ń fẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Ẹ jọ̀wọ́, tó bá di dandan kí ẹ já a, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n já, kó fi omi rin ín dáadáa, kó já a lódidi, kó fi ìbòmú tó nípọn bo imú rẹ̀. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbígbẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra, ọ̀rọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù yín ló kàn. Mo mọ̀ pé mo lè pàdánù ọ̀rẹ́ níbí. Pákó tó ń dán tí gbogbo ayé ń rà báyìí, èérún igi ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ni formaldehyde wà, tí ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ti kà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn láti 2004. Ooru àti ọ̀rinrin ń mú kó tú jáde sí i, ẹ sì mọ bí yàrá tiwa ti ń gbóná tó. Bí agbára bá ká a, ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi igi gidi kàn án. Bí kò bá ká a, ẹ sọ fún un kó lẹ gbogbo etí pákó pa, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ níbi tí atẹ́gùn wà kó tó wọ yàrá. Yàrá tí ọmọ tuntun máa sùn sí ni kó wọ̀ kẹ́yìn.

Ní ti rọ́ọ̀gì, ẹ bá mi ṣírò. Ráká mẹ́tàdínlógún (17) ni ìrun ọ̀ranyàn ojúmọ́ kan, ìforíkanlẹ̀ méjì-méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n (34) nìyẹn tí imú wa ń kan ilẹ̀. Rọ́ọ̀gì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ṣeé gbé sá oòrùn, kò ṣeé gbọ̀n. Eruku ọdún mẹ́wàá ń bẹ nínú rẹ̀ là ń forí kàn án. Táìlì tàbí símẹ́ǹtì tó jọ̀lọ̀, pẹ̀lú ẹní tó ṣeé ká, ó dáa jù ú lọ.

Àwọn kan á ní, "Àáfà, ṣé ilé alámọ̀ lẹ fẹ́ ká padà sí ni?" Rárá. Lóòótọ́, bíríkì amọ̀ ni ògiri mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà, igi ọ̀pẹ dábínù ni òpó rẹ̀, imọ̀ ni òrùlé. Òjò ń jò wọ inú rẹ̀ débi pé wọ́n rí ẹrẹ̀ níwájú orí àti imú Ànábì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlélógún Ramadan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Uthmān fi òkúta tún un kọ́, ó sì fi igi tíìkì ṣe òrùlé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe òkúta ní háráámù. Umar ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: nígbà tó ń tún mọ́sálásí yẹn ṣe, ó ní kí wọ́n fi bo àwọn èèyàn lọ́wọ́ òjò, kí wọ́n má sì fi àwọ̀ pupa àti yẹ́lò dà wọ́n láàmú. Ẹni tó máa wà nínú ilé ló ń rò, kì í ṣe ẹni tó máa wò ó láti ìta.

Ibi tí owó ń gbà lọ gan-an ni mo ń bá àwọn ìgbìmọ̀ wa jà sí. A ń ná owó rẹpẹtẹ sórí POP, a sì ń ní owó kò tó fún fèrèsé. Fèrèsé onígíláàsì tó ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Lúfà tí a kà sí ti àtijọ́ ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kí fèrèsé méjì dojú kọra, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé kó gba èkejì jáde. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ ìkankan nínú wọn, èéfín rẹ̀ ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Bí ẹsẹ̀ ògiri bá sì ń fa omi, tó ń hu nǹkan dúdú bíi ti búrẹ́dì tó bu, ẹ má fi bébà olódòdó bò ó. Ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé.

Ní ilé-kéwú wa, a ti ká rọ́ọ̀gì yẹn kúrò. A ti fi lúfà sí yàrá méjì. Ẹ̀kẹta ṣì wà bó ṣe wà, owó tirẹ̀ là ń kó jọ lọ́wọ́, ọmọbìnrin yẹn kì í sì í jókòó níbẹ̀.