"Wọ́n Á Gba Ọmọ Lọ́wọ́ Yín"

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí ò rọrùn fún mi láti kọ, torí inú ilé mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6, pè mí níbi iṣẹ́. Ọmọ náà ti sọ fún un pé màmá àgbà fi ìgbálẹ̀ na òun torí pé òun ò jẹun tán. Olùkọ́ náà ò jágbe mọ́ mi. Ó ní òun máa fi tó Tusla létí, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àti pé òun fẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí Blanchardstown Centre fún bí ìdajì wákàtí kí n tó lè wakọ̀ lọ sílé. Bí mo ṣe ṣàlàyé fún Màámi, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé, "Ha! Wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ yín!"

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. Ní Tyrrelstown, ní Ongar, ní Mulhuddart, lẹ́yìn ìsìn tàbí níbi ìkómọ, ẹnìkan á ṣáà mọ ẹnìkan tí "wọ́n gba ọmọ ẹ̀". Ìbẹ̀rù yẹn ló ń mú káwọn èèyàn wa tilẹ̀kùn mọ́rí, kí wọ́n má dá lẹ́tà lóhùn. Èmi oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí nǹkan bá dẹ́rù bà mí, mo máa ń lọ ka bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ìlà àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó ti òfin náà lóru ọjọ́ yẹn.

Child Care Act ti ọdún 1991 lorúkọ ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé Tusla ò lè dá gba ọmọ lọ́wọ́ òbí tí kò gbà. Adájọ́ District Court ló ń pàṣẹ. Gardaí, ìyẹn ọlọ́pàá ibí, lè gbé ọmọ láìsí ìwé àṣẹ tí ewu ńlá bá wà lórí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá dá a padà sílé, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ 3.

Àṣẹ tí adájọ́ lè pa pọ̀. Àṣẹ pàjáwìrì ò lè kọjá ọjọ́ 8. Àṣẹ onígbà díẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 29, àmọ́ wọ́n lè sún un síwájú. Ọ̀kan wà tí ọmọ ò ní kúrò nílé rárá: Tusla á kàn máa wá wò ó, ó lè tó oṣù 12. Èyí tó wúwo jù lè gùn títí ọmọ á fi pé ọdún 18. Kí adájọ́ tó pa ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé wọ́n ti lu ọmọ náà, tàbí wọ́n fìyà jẹ ẹ́, tàbí wọ́n pa á tì, tàbí wọ́n bá a ṣèṣekúṣe, tàbí pé ìlera àti ìdàgbàsókè ẹ̀ wà nínú ewu tí kò yẹ kó wáyé. Kódà lẹ́yìn ìyẹn, òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí ọmọ ẹ̀ àyàfi tí kòótù bá ní rárá, ó sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ wọ̀nyí ní gbangba. Ìdí nìyẹn tí àhesọ fi pọ̀ láàárín wa. Láti ọdún 2012, iṣẹ́ ìròyìn kan tí Carol Coulter dá sílẹ̀ ti ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ jáde láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé àwa ọmọ Áfíríkà ń dé kòótù náà ju bí a ṣe pọ̀ tó ní ìlú yìí lọ. Nígbà míì, nínà ló fà á. Nígbà míì, ìyá tó dá wà ni, tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú, tí kò ní ẹ̀gbọ́n, tí kò ní àbúrò nítòsí. Nígbà míì, ọmọ kékeré ló ń tọ́jú ọmọ kékeré nígbà tí òbí wà níbi iṣẹ́ alẹ́. Òfin Ireland ò dárúkọ ọjọ́ orí tí ọmọ lè dá wà nílé, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí adájọ́ má bi yín léèrè.

Ní ti nínà, láti 11 Oṣù Kejìlá 2015 ni òfin ti mú àwíjàre "mo kàn ń bá a wí ni" kúrò. Láti ọdún 2017, ó di dandan fún olùkọ́, dókítà àti àwọn míì bẹ́ẹ̀ láti fi tó Tusla létí tí wọ́n bá rí i pé ọmọ ń fara pa.

Tí lẹ́tà bá dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, àmọ́ tí ẹ ò bá lọ, ẹ̀yin lẹ fi adájọ́ sípò yẹn. Ẹ wá lọ́yà. Legal Aid Board wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un ò pọ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i pé kí Tusla máa tọ́jú ọmọ fúngbà díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Tí ẹni tó ń jẹ́jọ́ bá jẹ́ ìyá tàbí bàbá yín tí Yorùbá yé jù, ẹ béèrè ògbufọ̀.

Nílé tiwa, èmi ni ògbufọ̀. Obìnrin kan wá láti Tusla, ó bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì bá Màámi sọ̀rọ̀. Yorùbá tí mo fi ìwé àti fídíò kọ́ ò tó mi lò lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó dórí ọ̀rọ̀ neglect, mo dákẹ́. Màámi ló wò mí lójú: "Ṣé kéèyàn pa ọmọ tì lẹ́ ń wí?" Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá rọra sọ pé, "Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni mo ṣe. Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́." Mo túmọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà dé pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ kan ò kúrò lọ́kàn mi. "Gbà" tó wà nínú "wọ́n á gba ọmọ", òun náà ló wà nínú "gbà mí o!" Ọmọ míì wà tó jẹ́ pé kòótù yẹn nìkan ló máa gbà á. Mi ò ní fi ìbẹ̀rù tèmi bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́ ọmọ yín ní gbólóhùn mẹ́ta lóṣù yìí: "Ó ń dùn mí." "Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀." "Ẹ gbà mí." Kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹ máa gbọ́.

Ó dìgbà kan ná.