Owó tó wọlé kọ́ ni èrè: ẹ kọ ìnáwó yín sílẹ̀ kí wọ́n tó fojú bù ú fún yín

Látìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2026, ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn èèyàn ń fún ara wọn lórí WhatsApp. Wọ́n ní bí ẹ bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, kí ẹ kọ "gift" sí i, kí ìjọba má baà gba owó orí lé e lórí. Télọ̀ ń sọ ọ́, ẹni tó ń ṣe mẹ́kọ́ọ̀pù fún ìyàwó ń sọ ọ́, àwọn tó ń tún fóònù ṣe náà ń sọ ọ́. Taiwo Oyedele, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Tinubu gbé kalẹ̀ lórí àtúnṣe owó orí, ti sọ ọ́ lásọtúnsọ pé kò sí ẹni tó máa ṣàdédé yọ owó orí nínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni ní báńkì. Àwọn èèyàn ò gbà á gbọ́. Mi ò bá wọn wí, ohun tí ojú wa ti rí lọ́wọ́ ìjọba nílẹ̀ yìí ò kéré.

Àmọ́ ibi tí kò sí ewu là ń ṣọ́. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ tí wọ́n lè fi hàn pé àwọn náwó kí àwọn tó rí owó.

Láìpẹ́ yìí ni mo wà ní Ìràwọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àtìsbò lápá Òkè-Ògùn. Jórinjórin kan níbẹ̀, tó ń ṣe géètì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá, gbọ́ pé mo kàwé lọ́yà, ló bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo owó tó gba inú fóònù mi kọjá láàárín ọdún ni wọ́n máa gba owó orí lé lórí?"

Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Èrè yín ni."

"Ta ló máa wá sọ fún wọn pé iye báyìí ni èrè mi?"

"Ẹ̀yin náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú ìwé kan jáde. Orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìwé tó mọ́ tónítóní ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó sọ iye tó fi ra irin, iye tó fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, tàbí owó oúnjẹ tó ń fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti ọ̀pọ̀ wa rí. A máa ń kọ èyí tó ń bọ̀ wá sọ́wọ́, a kì í kọ èyí tó ti lọ.

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń lò gan-an wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Owó orí. Láyé àwọn bàbá wa, orí ni wọ́n ń kà lóòótọ́: o ti dàgbà, o jẹ́ ọkùnrin, iye báyìí ni wàá san, yálà oko ṣe dáadáa tàbí kò ṣe. Ó wà lára ohun tó fa ìjà Àdùbí nílẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, òun náà ló sì wà nídìí ìjà àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Owó orí tòde òní ti kúrò níbẹ̀. Èrè ni wọ́n ń wò, èrè sì ni ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí o bá ti yọ ìnáwó iṣẹ́ kúrò. Òfin ti ọdún 2025 sọ pé ìnáwó tó bá jẹ́ torí iṣẹ́ náà pátápátá, tí kò sí nǹkan mìíràn tí a ná an fún, ẹ̀tọ́ wa ni ká yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ṣírò ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ká ní mílíọ̀nù mẹ́fà náírà ló wọlé fún jórinjórin kan lọ́dún. Irin, electrode, ọ̀dà, epo, owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọkọ̀ lọ sí Ṣakí láti lọ ra ọjà, àti owó àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kó mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó (₦4,400,000) lọ. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦1,600,000. Òfin ní ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí rárá. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n máa gbà lórí ₦800,000 tó kù, ìyẹn ₦120,000 fún odidi ọdún. Bó bá ń gbé ilé àyálégbé, yóò tún dín sí i, torí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó ń san ṣe é yọ kúrò, bí kò bá ṣáà ti ju ₦500,000 lọ.

Wàyí o, ká ní ọkùnrin yìí kan náà ò ní àkọsílẹ̀ kankan, tí wọ́n wá ka gbogbo mílíọ̀nù mẹ́fà náà sí èrè. ₦800,000 àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ òfo. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ₦330,000. Ìdá méjìdínlógún lórí mílíọ̀nù mẹ́ta tó kù jẹ́ ₦540,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦870,000. Nínú èrè ₦1,600,000! Ju ìdajì lọ. Mi ò sọ pé báyìí gẹ́lẹ́ ni òṣìṣẹ́ owó orí máa ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí kò bá sí àkọsílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò wà láti fojú bù ú, ìwọ sì ni wọ́n máa ní kó o wá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá mú un le lásìkò yìí ni pé owó tó ń wọlé ti ń kọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Oníbàárà ń san án láti fóònù, POS ń kọ ọ́, báńkì ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Nọ́ńbà NIN rẹ sì ti di nọ́ńbà owó orí rẹ. Ìnáwó ńkọ́? Kaṣi ni, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta epo nínú jálá, lọ́wọ́ ọlọ́kadà, lọ́wọ́ àwọn lébìrà. Ojú kan ṣoṣo nínú méjèèjì ló ní ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé ẹni tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ ń fi ara rẹ̀ han ìjọba. Apá tó ń ṣe ọ́ ní ibi ti wà lórí ìwé tẹ́lẹ̀. Apá tó máa gbà ọ́ ni kò tíì sí níbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìnáwó ló ṣe é yọ o. Aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ kò sí níbẹ̀, owó ìtanràn kò sí níbẹ̀. Ti owó tí à ń fún àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òfin: ní 1983, lọ́yà obìnrin kan ní Ìlú Ọba fẹ́ yọ owó aṣọ dúdú tó ń wọ̀ lọ sí kóòtù. Ó ní òun ò ní wọ dúdú bí kì í bá ṣe ti iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà sọ pé rárá, aṣọ náà tún ń bo ìhòòhò rẹ̀, ó sì ń mú un móoru, kì í ṣe torí iṣẹ́ nìkan. Ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè ni, kò de kóòtù wa, ṣùgbọ́n ó fi hàn bí àwọn èèyàn wọ̀nyí ṣe ń ronú. Ìbòjú tí jórinjórin ń fi dáàbò bo ojú yàtọ̀, kò sẹ́ni tó máa wọ ìyẹn lọ síbi ìgbéyàwó.

Bí jẹnẹrétọ̀ kan bá ń tan iná sí ṣọ́ọ̀bù àti ilé, apá ti ṣọ́ọ̀bù nìkan ni kí ẹ kọ. Bákan náà ni dátà orí fóònù. Ẹ̀rọ ńlá tí ẹ rà, tó máa lo ọdún púpọ̀, ẹ ò ní yọ gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa ń pín in sí ọdún mélòó kan ni.

Nípa rìsíìtì, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ta ló ń fún èèyàn ní rìsíìtì lọ́jà? Ẹ béèrè, ọ̀pọ̀ ló máa já bébà fún yín tí wọ́n á kọ ọ́. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, torí yíǹkì inú bébà máa ń parẹ́. Ibi tí kò bá ti sí, ẹ kọ ọjọ́, ohun tí ẹ rà, iye rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹni tó tà á sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró di ìparí oṣù. Bí ẹ bá sì lè fi owó ránṣẹ́ dípò kaṣi, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ "irin" tàbí "ọ̀dà" sí i, kì í ṣe "gift".

Ṣùgbọ́n mi ò ní di gbogbo ẹrù yìí ru oníṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba owó orí àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ kan ilé iṣẹ́ tó ń pawó wọlé fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Láti ìgbà àtúnṣe ọdún 2011 ni òfin ti fàyè gbà á pé ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀ lè san iye tí wọ́n bá fojú bù fún irú iṣẹ́ rẹ̀. Ó dáa. Iye wo wá ni fún jórinjórin ní Ìràwọ̀? Mélòó ni ti télọ̀ ní Tede? Kí wọ́n gbé e jáde ní gbangba, lédè Yorùbá, kó má jẹ́ pé ẹnu òṣìṣẹ́ tó bá gun ọ̀kadà wọ ìlú lọ́jọ́ náà ni èèyàn ti máa gbọ́ ọ. Kí wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé àwọn máa gba ìwé àkọsílẹ̀ tí oníṣẹ́ ọwọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ wà ní gbogbo ìlú, wọ́n ní ọjọ́ ìpàdé, kò sì yẹ kó ṣòro láti rán ẹnìkan lọ bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n lè kà.

Àkókò ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, ọdún 2027 ni gbèdéke tí a máa fi fi ìṣirò ọdún 2026 ránṣẹ́, kódà bí èrè rẹ ò bá tó ₦800,000 tí kò sì sí kọ́bọ̀ tí wàá san. Ìtanràn ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 sì ni fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Àwọn ìnáwó tó máa wà nínú ìṣirò náà, irin àti epo ọdún 2026 ni.