Ilé Kíkọ́ Lẹ́yìn Odi: Ṣé Ká Fẹ̀yìn Tì Síbí Ni, Àbí Ká Palẹ̀ Ẹrù Mọ́?

Bí àwọn àgbà wa lókè Ọya bá ti jókòó báyìí, ìbáà jẹ́ Kánò, Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ yọjú. Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn odi, tí ìfẹ̀yìntì sì ti dé tán, níbo ni kó ra ilé sí? Ìdáhùn tí a jogún ni pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Mi ò bá òwe yẹn jà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ti gbẹ̀yìn yọ sí ẹni tó fẹ́ máa gbé ẹsẹ̀ kan síbí, kó gbé ìkejì sílé. Ìṣirò ti yí padà.

Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wo Ọ̀ffà, ẹ wo Ìnísà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn èèyàn wa fi owó ìdálẹ̀ kọ́ wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi, àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, koríko lójúde. Ìgbà Iléyá tàbí Kérésì ni wọ́n ń ṣí òmíràn, ọjọ́ mẹ́rin, ó tán. Ẹni tó ni ín sì ń sanwó ilé fún lánlọ́ọ̀dù lọ́dọọdún níbi tó ń sùn gan-an. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó lè máa rọ́ ọ tì. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì kì í tó owó oṣù, lánlọ́ọ̀dù ò sì ní tìtorí pé èèyàn ti darúgbó kó má fowó kún owó ilé. Èyí nìkan tó ìdí fún mi láti sọ pé kéèyàn kọ́kọ́ ní òrùlé níbi tó ń gbé, kó tó kan ti ilé baba.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Sabongari, tó ń sọ Haúsá bí ẹní mumi, tó ti fẹ́yàwó síbẹ̀, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kò ní tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sílé. Bàbá nìkan ni yóò padà, yóò sì bá a pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tàbí pé wọ́n wà ní Èkó. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá dé lóru, ta ni yóò gbé e lọ sí ọsibítù? Dókítà tó mọ ara rẹ̀, Kánò ló wà. Owó ìfẹ̀yìntì ní tiẹ̀ ò mọ ìlú, báńkì ló ń wọ̀, ibi yòówù kéèyàn wà. Àwọn tó sì sọ pé àwọn á máa lọ, àwọn á máa bọ̀, ẹ rántí ojú ọ̀nà. Ẹ rántí 28 March 2022 tí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná, tí wọ́n kó èrò inú rẹ̀ wọgbó.

Kí ló wá ń ba àwọn àgbà lẹ́rù? Gánà ni. Ní November 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí ò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò àti Ọ̀ffà fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ lọ, òmíràn ò rí kọ́bọ̀ gbà. Lókè Ọya níbí náà, a ò tíì gbàgbé Kánò 1953, Kàdúná 2000, Jọ́ọ̀sì 2001 àti 2008. Ẹni tó bá ní ká má fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, kò gbé ibẹ̀ nígbà yẹn.

Síbẹ̀, àlejò ni wá ní Gánà. Níbí, abala kẹtàlélógójì nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ kedere pé ọmọ Nàìjíríà lè ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà. Ibi tí ó ti ń dun wá ni ìwé. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Tí wọ́n bá nílò ilẹ̀ yín fún ìlú, wọ́n lè gbà á, ilé àti ohun tí ẹ gbìn sórí rẹ̀ sì ni wọ́n máa kà sí owó gbà-máà-bínú, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wá wo ẹni tó jẹ́ pé bébà tí màí ungúwà fọwọ́ sí ló ní, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n ti kú. Kí ló fẹ́ fi gba gbà-máà-bínú? C of O ni kẹ́ ẹ bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹni tó ń tà á bá ti ní in, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba àṣẹ gómìnà sí títà náà. Ó ń náni lówó, ó sì ń pẹ́, mo mọ̀.

Ẹ má sì rò pé ilé rírà sọ yín di ọmọ ìbílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ yín bá ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ bàbá ni wọ́n máa béèrè, ìjọba ìbílẹ̀ tí bàbá ti wá ló sì ń fún un ní ìwé náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń ta ìpín wọn nínú ilé baba láti fi ra ilẹ̀ lókè Ọya. Ẹ fi yàrá kan sílẹ̀ níbẹ̀, kódà bó bá ń jò.

Èyí tí wọ́n kì í fẹ́ sọ síta ni ti ibojì. Mùsùlùmí wa kò ní wàhálà púpọ̀, ibi tí ikú bá ti bá a ni wọ́n ń sin ín sí. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì wa ló ń gbé òkú gba ọ̀nà jíjìn, owó tí ọmọ fi ń ṣe é nígbà míì sì tó tún ilé ṣe. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ fún àwọn ọmọ yín nísinsìnyí, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún pẹ̀lú ẹni tó máa jogún ilé ẹ̀yìn odi náà. Ilé tí kò ní ìhágún, tí ọmọ ìyá méjì jọ ń gbé, bàbá lè má tíì lo ogójì ọjọ́ nílẹ̀ tí wọ́n á ti wà ní kóòtù.